Gígé Eegun Apá Kúrú Nítorí Ìrora Ọrùn Ọwọ́

Eegun gígùn méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́: rédíọ̀sì lápá àtàǹpàkò, ọ́lúnà lápá ọmọńdinrín. Orí ọ́lúnà ló máa ń yọ gọngọ lẹ́yìn ọrùn ọwọ́. Bó bá fi mìlímítà mélòó kan gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ, yóò máa gún àwọn eegun wẹ́wẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, yóò sì máa lọ awọ rírọ̀ tó wà láàárín wọn títí awọ náà yóò fi lu. Ìrora á máa mú onítọ̀hún bó bá ń fún aṣọ, bó bá ń ro àmàlà, tàbí bó bá fọwọ́ ti àga kó tó dìde. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára ọ́lúnà, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 5, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù so ojú ibi méjèèjì tí wọ́n gé lára ọ́lúnà pọ̀.

Wọ́n bí ọ́lúnà gígùn mọ́ àwọn kan. Ní ti àwọn mìíràn, rédíọ̀sì ló kán, tó jinná ní wíwọ́, tó sì kúrú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ Henry Milch gé ọ́lúnà rẹ̀ kúrú ní Amẹ́ríkà, tó sì ròyìn rẹ̀ lọ́dún 1941. Àwọn dókítà eegun nílẹ̀ wa mọ wíwọ́ yìí dáadáa lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eegun máa ń yẹ̀ nínú P.O.P. ilé ìwòsàn náà.

Ìdí tí mìlímítà díẹ̀ fi lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìwádìí tí Palmer àti Werner gbé jáde lọ́dún 1984. Bí eegun méjèèjì bá gùn dọ́gba, nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù ọwọ́ ni ọ́lúnà ń gbé. Nígbà tí wọ́n fi mìlímítà 2.5 mú un gùn sí i, ó di 42. Nígbà tí wọ́n fi mìlímítà 2.5 gé e kù, ó já sí bíi 4.

Ìrora máa ń dín kù fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ọwọ́ wọn a sì tún lágbára láti di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oṣù ni eegun fi ń so, ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ agbára sì ní láti fara balẹ̀.

Irin tí wọ́n fi so eegun gan-an ló ń fa ìyọlẹ́nu jù. Abẹ́ awọ lásán ni ọ́lúnà wà, kò sí ẹran tó bò ó ní ẹ̀gbẹ́, nítorí náà gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gbé apá lé tábìlì ni irin á máa ta kò ó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ mìíràn a máa fi irin sí iwájú apá, lábẹ́ iṣan, kó lè dín kù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń padà wá yọ ọ́. Lẹ́yìn yíyọ ọ́, eegun tún lè kán lójú ihò síkúrù bí wọn ò bá ṣọ́ra. Ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ látinú àpò tirẹ̀, iye owó méjì ló yẹ kó béèrè: ti fífi irin sí àti ti yíyọ ọ́.

Èyí tó burú jù ni kí eegun kọ̀ láti so. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ sìgá ń ṣokùnfà rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001 fi hàn pé eegun àwọn tó ń mu sìgá gbà tó oṣù 7 kó tó so, ti àwọn tí kì í mu ún gba oṣù 4. Ooru ayùn náà lè jó ojú eegun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da omi sí i bí wọ́n ṣe ń gé e. Gígé e ní dídàgẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú eegun tó fara kanra fẹ̀ ju gígé e ní ìbú lọ.

Bí ibi tí ọ́lúnà ti kan rédíọ̀sì bá dàgẹ̀rẹ̀ síhà òdì, gígé ọ́lúnà kúrú á mú kí wọ́n máa fúnra wọn pọ̀, oríkèé ibẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó lọ sẹ́yìn ọwọ́ náà lè fara gbọgbẹ́, kí apá ọmọńdinrín máa kú tipiri.

Nítorí wàhálà irin ni àwọn kan fi fẹ́ràn ọ̀nà tí Feldon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn lọ́dún 1992: wọ́n á ha orí ọ́lúnà pẹ́lẹ́bẹ́, kò sí irin, kò sí eegun tí wọ́n ń retí kó so. Àmọ́ mìlímítà díẹ̀ ló ṣeé ha.

Rédíọ̀sì náà ni wọ́n ń gé kúrú nígbà mìíràn, fún àìsàn tí Robert Kienböck ṣàpèjúwe ní Vienna lọ́dún 1910, níbi tí ọ̀kan nínú eegun wẹ́wẹ́ ọrùn ọwọ́ ti ń kú. Hultén ará Sweden ló ṣàkíyèsí lọ́dún 1928 pé ọ́lúnà kúkurú wọ́pọ̀ lára irú aláìsàn yìí; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé rédíọ̀sì kí eegun méjèèjì lè dọ́gba. Ìrora sábà máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, kódà nígbà tí eegun tó ti kú náà kò bá yí padà nínú àwòrán X-ray.