Ta Ni Wọ́n Jẹ́ Kó Dàgbà? Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn To Kill a Mockingbird

Ìwé ìtàn àròsọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa gbé wa lọ.

Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ ka To Kill a Mockingbird, tí Harper Lee kọ, tó jáde lọ́dún 1960. Scout, ọmọdébìnrin tó ń sọ ìtàn náà, kò tíì pé ọmọ ọdún 6 nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Ẹni méjì ni ìlú náà tì sẹ́yìn. Boo Radley ni ẹnì kan, ọkùnrin tí kì í jáde nílé, tí àwọn ọmọdé sọ di iwin. Ẹnì kejì ni Tom Robinson, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ní ó fipá bá ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun lò pọ̀. Atticus, bàbá Scout, ni lọ́yà rẹ̀. Ó fi han gbogbo ilé ẹjọ́ pé apá òsì Tom ti rọ, pé kò lè ṣe ohun tí wọ́n sọ. Síbẹ̀, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Nígbà tó yá, wọ́n yìnbọn pa á níbi tó ti fẹ́ sá kúrò lẹ́wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: Atticus nìkan ni mo rí nígbà náà. Èmi náà fẹ́ di lọ́yà. N ò ronú kan Tom. Ìgbà tí mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé ní Alabama kan náà ni ojú mi tó là.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1931, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun nínú ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Àwọn tó dìhámọ́ra dá ọkọ̀ náà dúró ní Paint Rock, wọ́n sì kó ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú 9. Ẹni tó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún 19. Roy Wright àti Eugene Williams jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 13. Obìnrin aláwọ̀ funfun méjì tó wà nínú ọkọ̀ náà ní àwọn ọmọ wọ̀nyí fipá bá àwọn lò pọ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Scottsboro. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo àwọn tó jókòó dá ẹjọ́ náà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ẹni 8. Ti Roy Wright nìkan ni wọn ò fẹnu kò lé lórí. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn ni. Lọ́dún 1932, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé àwọn ìdájọ́ náà, nítorí pé wọn ò ní lọ́yà tó gbèjà wọn bó ṣe yẹ.

Lọ́dún 1933, Ruby Bates, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, dúró nílé ẹjọ́, ó ní irọ́ ni. Wọ́n ṣì dá ọmọ tó ń jẹ́jọ́ lọ́jọ́ náà lẹ́bi. Adájọ́ James Horton fagi lé e. Nígbà ìbò tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn yọ ọ́ nípò.

Wọn ò pa ìkankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Eugene Williams. Lọ́dún 1932, ilé ẹjọ́ Alabama fúnra rẹ̀ gbà pé ọmọdé ni, kò yẹ kí wọ́n dá a lẹ́jọ́ bí àgbà. Síbẹ̀, ọdún 1937 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta míì. Àwọn yòókù pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2013 ni Alabama tó dárí ji àwọn mẹ́ta tó kù, lẹ́yìn ikú wọn.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Nínú irú ìwé báyìí, ọmọ kan máa ń rí ìyà ẹlòmíràn, ó sì máa ń fi gbọ́n. Scout dàgbà, Tom kú. Ní Scottsboro, àwọn ọmọ gan-an ni ìyà jẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀tanú gbà lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n pè wọ́n ní ọmọ.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, rédíò kan sọnù ládùúgbò wa. Ọmọ kan wà tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tó ń bá oníbúrẹ́dì ṣiṣẹ́. Òun ni gbogbo ẹnu tọ́ka sí, wọ́n sì lù ú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó ni rédíò rántí pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe lòún gbé e sí. Ọmọ yẹn ti lọ. Mo mọ̀ pé èmi àti ẹ̀ ni a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ tí rédíò náà sọnù. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Nígbà mìíràn, ọmọdé ló rí i. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè. Ó dìgbà kan ná.