Ìbẹ̀wò Ọkọ̀ Amistad sí Matanzas àti Havana (2010)

Amistad jẹ́ ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, olópòó méjì. Mystic Seaport ní ìpínlẹ̀ Connecticut, Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kàn án, wọ́n sì sọ ọ́ sínú omi ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọdún 2000. Àwòrán ọkọ̀ Sípéènì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà láyé òwò ẹrú ni wọ́n fi kàn án. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìbádọ́rẹ̀ẹ́.

Ní oṣù Kẹta, ọdún 2010, ọkọ̀ yìí gúnlẹ̀ sí Matanzas ní Kúbà, ó sì wọ Havana. Amẹ́ríkà àti Kúbà kò ní ikọ̀ aṣojú lọ́dọ̀ ara wọn nígbà náà, síbẹ̀ èbúté méjèèjì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àkókò ìbẹ̀wò náà bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn tí òwò ẹrú kó lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1839

Havana ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti gbéra ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ọdún 1839. Ènìyàn 53 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ọmọdé 4 wà lára wọn. Àwọn Mende láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Sierra Leone lónìí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin Sípéènì ti ka kíkó ẹrú láti Áfíríkà léèwọ̀ láti 1820. Nítorí náà, àwọn tó rà wọ́n gba ìwé tó fún wọn ní orúkọ Sípéènì, bí ẹni pé Kúbà ni wọ́n ti pẹ́.

Sengbe Pieh ló ṣáájú wọn tí wọ́n fi gba ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí àwọn tó rà wọ́n darí rẹ̀ sí Áfíríkà, ṣùgbọ́n lóru ni àwọn yẹn ń yí i sí àríwá. Ní oṣù Kẹjọ, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà mú wọn nítòsí Long Island.

Èdè tó já irọ́ ìwé

Nínú ẹ̀wọ̀n ní New Haven, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn. Josiah Gibbs, olùkọ́ ní Yale, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó sì ń kà á kiri èbúté New York títí ó fi pàdé James Covey, ọ̀dọ́ Mende tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi fẹnu ara wọn ròyìn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọdún 1841, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn sílẹ̀. Àwọn 35 tó kù padà dé Freetown ní 1842.

Ibi tó ti kan Yorùbá

Láyé kan náà, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n tà ní Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà, tí wọ́n bọ́ sí Havana àti Matanzas. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ní 1843, obìnrin Lukumí kan wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní oko ìrèké Triunvirato lẹ́bàá Matanzas. Carlota la mọ orúkọ rẹ̀ sí, orúkọ Sípéènì. Ìlù Iyesá tí wọ́n ń lù ní Matanzas dòní ṣì ń jẹ́ orúkọ Ìjẹ̀ṣà. Ní Freetown, ìkíni "ẹ kú" ló sọ àwọn tiwa di Aku.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọjà ni àwọn oníwé wò. Ẹni tó bá ń wá ìran rẹ̀ nínú ìwé èbúté kò gbọdọ̀ dúró sórí orúkọ tó bá níbẹ̀. Kí ó wo ìlà ojú, oríkì, orin àti ìkíni pẹ̀lú, nítorí àwọn wọ̀nyí la ṣì lè bi léèrè, bí Gibbs ti fi oókan dé ẹẹ́wàá béèrè.