Ta Ló Sọ Alùpùpù Lórúkọ?

Ní ọjọ́ tí alùpùpù tuntun bá wọ agbolé, iṣẹ́ ilé a dúró. Àwọn ọmọdé a yí i ká, wọn a máa fi ọwọ́ pa ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga rẹ̀, ọ̀rá tí ẹni tó ni ín kì í fẹ́ kí a tètè ya kúrò. Àgbà kan a bu omi tútù wọ́n ilẹ̀ níwájú táyà, a sì wúre. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé Ògún, wọn a pa obì. Bí ó bá jẹ́ ilé mùsùlùmí, ààfáà a ṣe àdúà. Bí ó bá jẹ́ ilé onígbàgbọ́, wọn a tì í lọ síwájú àlùfáà kí ó fi omi mímọ́ wọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ yóò béèrè ọtí. Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún èyí, arroser, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kí a bomi rin nǹkan. Àwa náà a ní kí a wẹ ohun tuntun. Èdè méjèèjì tí a fi ń kọ ìwé wa yìí fẹnu kò níbẹ̀ pé ohun tuntun kò tíì di tẹni títí omi tàbí ọtí yóò fi kàn án.

Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ rò nígbà tó kọ́kọ́ gùn ún, ìwé kò dá wa lóhùn. Akọ̀wé ìjọba amúnisìn a máa ka ọ̀nà, a máa ka owó orí; kì í ka ìdùnnú. Níbi tí ìwé bá ti dákẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi orúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fún nǹkan ní orúkọ ti sọ ibi tó dúró sí nígbà tó rí i. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ gbà wo ìtàn alùpùpù láàrin wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ní ọdún 1885, ní Cannstatt nílẹ̀ Jámánì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jó epo sáàárín kẹ̀kẹ́ onígi. Agbára rẹ̀ kò ju ìdajì agbára ẹṣin kan lọ. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 12 lọ láàrin wákàtí kan. Reitwagen ni wọ́n pè é, ìyẹn ọkọ̀ tí à ń gùn bí ẹṣin. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Paul, ọmọ Daimler, tí kò tíì pé ogún ọdún, gùn ún láti Cannstatt lọ sí Untertürkheim, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 3. Wọ́n ní àga tó jókòó lé gbaná lójú ọ̀nà, nítorí pé iná tí ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. A jẹ́ pé ìgbóná ni alùpùpù kọ́kọ́ fi kí ọmọ aráyé.

Ní ọdún 1894, Hildebrand àti Wolfmüller bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn fún títà ní ìlú Munich, wọ́n sì sọ ọ́ ní Motorrad, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rọ. Ní ọdún 1897, àwọn Werner, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, pe tiwọn ní Motocyclette ní ìlú Paris. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn olùkọ́ wa padà kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ àti kẹ̀kẹ́ ni orúkọ méjèèjì yìí ń kà fún wa. Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń ka èròjà rẹ̀, ẹni tó sì ṣe nǹkan ló ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pè é.

Lọ́dọ̀ tiwa, kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ dé. A kò wá orúkọ rẹ̀ jìnnà: kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń ran òwú ti wà nílé, ó ń yí. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ pẹ̀lú kò ṣòro: bí a ti ń gun ẹṣin ni a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ọkùnrin kan fi irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ èrò, a sì ń pè é ní taxi-kannan: ẹsẹ̀ ẹnì kan ló ń gbé ara ẹni méjì.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí olówó kékeré lè rà. VéloSolex jáde ní ọdún 1946, ẹ̀rọ rẹ̀ sì jókòó sórí táyà iwájú. Mobylette tí ilé iṣẹ́ Motobécane ṣe tẹ̀lé e ní ọdún 1949. Àwọn irú kẹ̀kẹ́ yìí dé Dahomey àti Tógò, ẹni tó ń gba owó oṣù ni agbára rẹ̀ sì ká a: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ ni a fi ń wà á kí ẹ̀rọ tó dáhùn. A ní láti po òróró ẹ̀rọ mọ́ epo rẹ̀. Bí òróró bá pọ̀ jù, èéfín a bo gbogbo àdúgbò, bí ó bá kéré jù, ẹ̀rọ a gbóná, a sì le gan-an. Bí epo bá tán lójú ọ̀nà, ọ̀gá olùkọ́ a tún fi ẹsẹ̀ wà á délé, òógùn a sì rin ẹ̀wù funfun rẹ̀.

Báwo ni àwọn ènìyàn wa ṣe wá sọ ọ́ lórúkọ? Alùpùpù: ohun tí ń lu pù, pù, pù. Àwa àti àwọn ará wa ní Nàìjíríà ni a jọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ yìí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ti àwọn tó ṣe é. Ohun tó dé etí ló sọ. Ṣùgbọ́n etí ta ni? Ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ pù, pù, pù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbọ́, àti ìgbọ̀nrìrì irin lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ni ó máa ń gbọ́ ìró náà láti òkèèrè, tí yóò yà sínú koríko, tí yóò wò ó títí yóò fi kọjá, tí eruku pupa yóò sì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní i ló sọ ọ́ lórúkọ.

Láti Jàpáàn ni ìyípadà kejì ti wá. Ilé iṣẹ́ Yamaha, tí orísun orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe dùùrù láti ọdún 1887, ta alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1955. Ní ọdún 1958, Honda gbé Super Cub jáde. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan darí rẹ̀, kí ọwọ́ kejì di àwo mú, nítorí pé ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń yí jíà rẹ̀. Àárín rẹ̀ ṣófo, kò sí táńkì láàrin orúnkún. Nígbà tó fi di ọdún 2017, àwọn tí wọ́n ti ṣe jáde ti pé mílíọ̀nù 100. Irú àwọn alùpùpù wọ̀nyí, pàápàá Mate tí Yamaha ṣe, wọ ìlú wa gan-an. Ẹni tó ró ìró tàbí tó wọ agbádá lè gun ohun tí àárín rẹ̀ ṣófo láìjẹ́ pé ó ká aṣọ sókè. Àyè sì wà lẹ́yìn fún ẹlòmíràn. Alùpùpù tó jẹ́ ti ọ̀gá olùkọ́ nìkan di ohun tí ìyàwó, ọmọ àti àpò àgbàdo jọ ń gùn.

Ibi tí àyè bá ti wà lẹ́yìn, owó a wọ ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìlú pe alùpùpù elérò ní ọ̀kadà, láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ẹ̀fẹ̀ ni: ẹni tí kò lówó bàálù ti rí bàálù tirẹ̀ wọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ mú un gbilẹ̀, ìnira ni. Láàrin ọdún 1980 sí 1990, ìjọba dẹ́kun gbígba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ní yunifásítì sí iṣẹ́ ọba. Àwọn báńkì dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí owó oṣù kò wọlé. Ìdààmú yìí wà lára ohun tó mú wa dé Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990. Nígbà tó sì di ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1994, faranki CFA 50 tó ń ra faranki Faransé 1 di 100. Ẹni tó ra alùpùpù nígbà tí owó oṣù ń wọlé gbé e bọ́ sójú títì. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ lówùúrọ̀, ó ń gbé èrò nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ní Kútọnu.

Orúkọ tí iṣẹ́ náà gbà wá láti inú èdè Fọ̀n: zémidjan, gbé mi wàràwàrà. Ní Tógò, oléyia ni wọ́n tún ń pè é: ṣé ò ń lọ?

Ẹ jẹ́ kí a to àwọn orúkọ náà jọ nísinsin yìí. Motocyclette ni ohùn ẹni tó ṣe é. Alùpùpù ni ohùn ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀kadà àti zémidjan jẹ́ ohùn ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Oléyia ni ohùn ẹni tí ń wá èrò. Ẹnì kan ni ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀: ẹni tó ni alùpùpù náà. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù lọ́jọ́ náà ni kò fi orúkọ kankan sílẹ̀ fún ìtàn.

Àìsí yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni gígùn, ọ̀tọ̀ ni níní. Ọ̀pọ̀ zémidjan ni kì í ṣe ẹni tó ni ohun tó ń gùn. Àwọn kan ń fi owó jíṣẹ́ fún onílé alùpùpù ní alaalẹ́. Àwọn mìíràn ń san án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi di tiwọn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ó gba ìwé rẹ̀ ni alùpùpù di tuntun. Táyà rẹ̀ lè ti jẹ, àga rẹ̀ lè ti ya, ó sì lè ti mọ gbogbo ìró inú ẹ̀rọ náà bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà tó gbà lánàá kọ́ ló ń gbà lónìí. Lánàá, gbogbo ìrìn ni ó ń kà ní faranki. Lónìí, ó lè kọ èrò tó bú u. Ó lè sinmi ní ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi. Ó lè gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì rọra wà á. Bí a bá kọ ìtàn zémidjan tí a kò kọ ìtàn ọjọ́ yìí, ìdajì ìtàn ni a kọ.

Ó yẹ kí a yára. Láti nǹkan bí ọdún 2022 ni àwọn alùpùpù tí ń fi iná mànàmáná rìn ti ń hàn sí i ní Kútọnu àti ní Lomé. Bí bátìrì bá rẹ̀, a ó gbé e sílẹ̀, a ó gba èyí tó kún. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí kpayo inú ìgò di ọ̀wọ́n lójijì, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí kì í rú èéfín. Wọn kì í sì í lu pù, pù, pù. Ọmọ tí a bí lónìí lè dàgbà kí ó máa pe alùpùpù ní alùpùpù láìmọ ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹ jókòó ti àwọn bàbá àti ìyá tó ra alùpùpù láyé Mobylette àti láyé Mate. Ẹ béèrè iye tí wọ́n rà á, ibi tí wọ́n ti rí owó, ẹni tó kọ́kọ́ jókòó lẹ́yìn wọn, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣubú. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rántí nǹkan kan mọ́, ẹ rọra wo ẹ̀gbẹ́ ojúgun ọ̀tún wọn. Páìpù èéfín ti kọ nǹkan sára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àpá dúdú kékeré tí kò lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n gba àpá náà. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.