Eérú Ló Ṣáájú Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n

Omi àti ọṣẹ ni onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi ń mú irun rọ̀ kí abẹ tó kàn án. Àwọn obìnrin ló ń se ọṣẹ dúdú náà: wọn a sun igi di eérú, wọn a sẹ́ omi rẹ̀, wọn a fi àdín sè é. Nígbà tí kòkó dé, èèpo rẹ̀ di ohun èlò. Pọ́táṣì inú eérú ló ń jẹ́ kí ọṣẹ náà rọ̀, kó sì tètè hó.

Ní 1923, Lever Brothers dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà; ọṣẹ líle alásódà gbòde. Lónìí, àwọn tó ń fi ṣíṣe ọṣẹ ìfárùngbọ̀n najú nílé, ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́táṣì yìí kan náà ni wọ́n ń fowó rà. Ní oko kòkó, èèpo ń jẹrà nílẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sun sì ń dàgbà lọ.