ÌTÀN BÍ A TI Ń KỌ́ YÍYA ÀWÒRÁN ILÉ ÀTI Ẹ̀RỌ

Kí a tó fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀, ilé náà ti wà lórí ìwé. Lórí ìwé ni ògiri rẹ̀ ti kọ́kọ́ dúró, níbẹ̀ ni a sì ti mọ ibi tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé yóò gbé wà. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò rí ẹni tí ó ya àwòrán náà rí a máa ka èrò ọkàn rẹ̀ nínú ìlà tí ó fà. Ìmọ̀ yìí ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ ní oore, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀yin ará, àti fún ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n.

Ní ọdún 1746 ni a bí Gaspard Monge ní ìlú Beaune, ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣòwò kékeré ni baba rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò tí ó fi wọn ìlú rẹ̀, ó sì ya ìlú náà sórí ìwé. Ọ̀gá ológun kan rí iṣẹ́ yìí, ó sì mú kí a gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ológun ní Mézières. Ṣùgbọ́n nítorí tí kì í ṣe ọmọ ìdílé ọlọ́lá, a kò jẹ́ kí ó bá àwọn ọmọ ìjòyè jókòó. Àárín àwọn tí ń ya àwòrán ni a fi í sí. A ní kí ó wá bí a ó ti mọ odi tí ọ̀tá kò ní lè yìnbọn wọ inú rẹ̀. Ìṣirò gígùn ni àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣe é. Monge fi ìlà ṣe é, ó sì tètè parí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó tọ́, wọ́n sọ ọ́ di àṣírí ológun. Ó di ọdún 1795 kí ó tó kọ́ àwọn ènìyàn ní i ní gbangba ní Parisi. Ní ọdún 1799 ni ìwé rẹ̀ jáde.

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò ṣòro láti sọ. Ẹ gbé àpótí kan sí iwájú yín. Ẹ wò ó láti iwájú, kí ẹ ya ohun tí ẹ rí. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó láti òkè, kí ẹ ya èyí náà sí abẹ́ ti ìṣáájú, kí igun kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán kan dúró gangan lórí igun kan náà nínú èkejì. Bí ínṣì kan bá dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 8, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ dé òpin. Ohun tí ojú rí, ìlà tí kò já ni a fi ń fà á. Ohun tí ó farasin, ìlà tí ó ń já ni. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa fà á, a máa pa á rẹ́, a sì tún un fà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àlùfáà ìjọ Áńglíkà kan ni ó ṣí ọ̀nà mìíràn. William Farish ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1759. Òun ni àlùfáà ìjọ St. Giles ní Cambridge, ó sì tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀. Bí ó bá ń kọ́ni nípa ẹ̀rọ, a máa to ẹ̀rọ kékeré síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà a ó tú u palẹ̀, a ó sì fi kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá kan náà to òmíràn. Báwo ni àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe mọ bí a ti ń tò ó? Àwòrán bí ojú ti ń rí nǹkan kò tó, nítorí ohun tí ó jìnnà a máa kéré níbẹ̀, a kò sì lè fi rúlà wọ̀n ọ́n. Farish wá ọ̀nà tí gígùn, ìbú àti gíga fi hàn nínú àwòrán kan ṣoṣo, tí ìwọ̀n kan náà sì bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ìlà gíga dúró ṣánṣán. Ìlà gígùn àti ti ìbú ń gòkè lọ sí ọ̀tún àti sí òsì, ní digírì 30. A tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1822, a sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní i títí di òní. Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ yìí: a fi ọgbọ́n Monge pamọ́, ti Farish, kí olùrànlọ́wọ́ lè lóye ni a ṣe wá a.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ̀kọ́ yìí kò sí nítòsí nígbà kan. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ àlùfáà tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, jẹ́ akọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1890 ó ní láti ré òkun kọjá lọ sí Plymouth, kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lọ́dọ̀ G. D. Bellamy. Ó padà dé ní ọdún 1893 sí iṣẹ́ ìjọba nípa ilẹ̀. Ní ọdún 1898 ó fi í sílẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ilé àti ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí Olóyè Oluwa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí Lọ́ńdọ́nù, Macaulay ni ó bá a lọ ní ọdún 1920; ní ọdún 1921 ìdájọ́ gbè wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fa ìlà sórí ìwé, ẹ má ṣe rò pé eré ni. Rúlà, pẹ́ńsùlù, kọ́ńpáàsì àti sùúrù ni ẹ̀kọ́ náà ń bèèrè. Kò bèèrè ìdílé ọlọ́lá. Ìlú tí kò ní ẹni tí ó lè ya ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé, àlejò ni yóò máa bá a yà á.