Àfòpiná Sányán àti Ẹmọ́

Nínú ìtàn ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, ó yẹ kí a fi àfòpiná Anaphe, tí ìdin rẹ̀ ń hun ilé sórí igi, wé eku ẹmọ́. Lójú tèmi, àfòpiná ló níyì jù. Ẹran ẹmọ́ kì í pẹ́ nínú ìkòkò; aṣọ sányán tí a fi òwú ilé ìdin yìí hun, tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ìtòsí fi gbajúmọ̀, bàbá á wọ̀ ọ́, ọmọ á jogún rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní à ń fi eku rúbọ Ifá, kí ni ti kòkòrò? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ kan tó láti pa ẹmọ́. Ní ti sányán, ilé ìdin ni a ó ṣà, a ó sè é nínú omi eérú, a ó ran án lówùú, kí ahunṣọ tó fọwọ́ kàn án. Òwú ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ló ká iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ kò. Ẹmọ́ ṣì wà.