Ọjọ́ Kan Lábẹ́ Iná Sitúdíò

Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú yìí kan náà ni mo ti jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní sitúdíò kékeré kan, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Aago 8 òwúrọ̀
Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ wáyà wò, àti ẹ̀wọ̀n tó so iná kọ̀ọ̀kan mọ́ irin òkè. Aṣọ mímọ́ ni wọ́n fi ń di gílóòbù halogen mú, torí òróró àtẹ́lẹwọ́ tó bá kù lára rẹ̀ lè mú un fọ́ nígbà tó bá gbóná. Ìṣirò ló tẹ̀ lé e: lórí 230 volt, iná 1,000 watt kan ń fa amp mẹ́rin ó lé díẹ̀. "Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp kan, iná méjì. Ẹ má ki ìkẹta bọ̀ ọ́."

Aago 9
Wọ́n ṣí kọ́tìnì, wọ́n tan iná kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ọmọbìnrin tó jókòó síwájú kámẹ́rà gba àwọ̀ ọsàn, èkejì gba búlúù. Halogen wà ní 3,200 Kelvin, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bíi 5,600. Kámẹ́rà ò lè pe méjèèjì ní funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti kọ́tìnì, wọ́n sì gbé pépà funfun síwájú lẹ́ǹsì kí kámẹ́rà lè mọ funfun.

Aago 10
Ó kan iná mẹ́ta: key, olórí iná, láti ẹ̀gbẹ́ kan, fill tó rọra tú òjìji ní ẹ̀gbẹ́ kejì, backlight láti ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, ojú ọmọbìnrin náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀, kí wọ́n máa tan án níkọ̀ọ̀kan. Key nìkan ti fi imú àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn. Wọ́n sún un láti mítà 1 sí mítà 2: ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ péré ló kù lójú rẹ̀.

Aago 12 ọ̀sán
Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Bàbá kan tó dúdú dáadáa wọlé, ó wọ léèsì funfun. Wọ́n kí i tán, wọ́n fún un ní àga. Kámẹ́rà tó ń díwọ̀n fúnra rẹ̀ rí léèsì, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú bàbá sì ṣókùnkùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi iná kún un. "Rárá," ni ọ̀gá wí, "léèsì yóò jóná lójú kámẹ́rà." Wọ́n gba ìdíwọ̀n lọ́wọ́ kámẹ́rà, ojú bàbá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi ewé irin ẹnu iná gé ìmọ́lẹ̀ kúrò láyà rẹ̀. Wọ́n na aṣọ funfun fẹ̀ síwájú key, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí dídán ni awọ dúdú fi ń fi ara hàn. Bàbá fi ìpara díẹ̀ pa ojú. Kíá, iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde.

Ọ̀gá wá ṣàlàyé pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ni àwọn ilé ìfọ-fọ́tò tó ń lo ọjà Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀. Kò sí ojú tiwa nínú òṣùwọ̀n yẹn.

Aago 2
Iná mànàmáná lọ. Lórí jẹnẹrétọ̀, àwòrán ń ṣẹ́jú. Wọ́n dá shutter padà sí 1/50, kí ó lè bá iná 50 Hz mu, ó sì dúró.

Aago 3:30
Obìnrin méjì tó wé gèlè jókòó sún mọ́ra. Gèlè ọ̀kan da òjìji bo ojú èkejì. Wọ́n ya àga wọn, wọ́n rẹ key sílẹ̀ díẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún ẹni tó dé fìlà.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́
Wọ́n gba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bàbá sílẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ ọnà ara léèsì hàn, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ náà sì hàn. Èyí ló mú kó dá mi lójú pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tẹlifíṣọ̀n wa máa fi ojú dúdú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iná, kí wọ́n má fi í ṣe àfikún. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Bí olùwòran ò bá rí ojú, apá kan ọ̀rọ̀ ti sọnù.